Ìhámọ́ra Tí A Kò Gbé Lọ Sógun: Ère Epa ní Agbègbè Òsì àti Ìlọ́fà Gẹ́gẹ́ Bí Ẹ̀rí Ìtàn

1. Ìfáàrà

Ní ọdún 2012 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àpéjọ kan ní Èkó fún àwọn olólùfẹ́ ìwé ìtàn aláwòrán, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Lagos Comic Con. Nínú irú àpéjọ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa ń wọ aṣọ akọni inú ìtàn. Àwọn mìíràn a gbé ìhámọ́ra wọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀: àṣíborí, awo àyà, ìbọ̀wọ́ àti ìbòsẹ̀, tí ojú yóò rí bí ẹni pé irin ni. Irin kọ́. Fóòmù ni, irú èyí tí a fi ń ṣe sálúbàtà àti ẹní tí ọmọdé ń ṣeré lé lórí. Inú yàrá ni ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ti gé e, tí ó ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀, tí ó sì ti kùn ún.

Àwọn àgbàlagbà tí ó rí i máa ń sọ pé àṣà àjèjì ni. A kò ní jiyàn pé ilẹ̀ òkèèrè kọ́ ni àpéjọ náà ti wá, òkèèrè ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ìhámọ́ra fóòmù gbé dìde kì í ṣe ti àjèjì rárá. Ìbéèrè náà ni pé: bí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìhámọ́ra tí kò ní gbé lọ sójú ogun, kí ni ó fẹ́ fi ṣe? Àwọn ìlú Èkìtì tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, láti Òsì àti àwọn ìlú Òpin títí dé Ìlọ́fà àti Odò-Ọwá ní Òkè-Ẹ̀rọ̀, ti dáhùn ìbéèrè yìí tipẹ́. Ère Epa ni wọ́n fi dáhùn.

Ète wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé ère Epa tí jagunjagun wà lórí rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí ìtàn, àti pé ìbéèrè mẹ́ta ni ẹni tí ó bá fẹ́ ka ẹ̀rí náà gbọdọ̀ bi í: Kí ni a fi ṣe é? Ta ni ó ṣe é? Ta ni ó gbé e? Àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti dáhùn èkínní dáadáa. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn èkejì. Ẹ̀kẹta ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣègbé, bẹ́ẹ̀ ni, lójú tiwa, òun ni ó ṣe pàtàkì jù lọ.

2. Ohun tí jagunjagun gan-an wọ̀

Kí a tó sọ̀rọ̀ nípa ìhámọ́ra orí ère, ó yẹ kí a mọ ohun tí àwọn ológun ọ̀rúndún kọkàndínlógún wọ̀ ní tòótọ́. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé ìtàn àwọn òyìnbó lè rò pé irin nìkan ni ìhámọ́ra. Ní ilẹ̀ tiwa, ohun rírọ̀ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀wù ogun jẹ́ ẹ̀wù aṣọ tí a rán oògùn mọ́ láti ọrùn dé ìdí, tí ìgbàdí àti ońdè sì ń tì í lẹ́yìn. Ní apá àríwá, láàrin àwọn ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Hausa àti Borno, aṣọ ni wọ́n máa ń rán ní ìlọ́po ìlọ́po, tí wọ́n á kó òwú igi àràbà sí láàrin rẹ̀ títí yóò fi nípọn, tí wọ́n á sì fi bo ẹṣin àti ẹni tí ó gùn ún. Orúkọ tí àwọn Hausa ń pe irú aṣọ ẹṣin bẹ́ẹ̀ ni lifidi, a sì ń rí i títí di òní níbi àjọ̀dún àwọn ẹlẹ́ṣin ní àwọn ìlú òkè ọya.

Èyí ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ wa. Ohun tí ó fẹ́lẹ́, tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, tí a dì pọ̀ títí ó fi lè gba ọfà àti ọ̀kọ̀ dúró: ìhámọ́ra gidi ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń fi fóòmù rẹ́rìn-ín nítorí pé ó rọ̀, kí ó rántí pé òwú ni ó dáàbò bo ọ̀pọ̀ akọni.

Ohun tí ó ṣẹ́gun irú ìhámọ́ra yìí ni ìbọn. Nígbà Ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, tí àwọn ọmọ ogun sì tú ká ní 1893, ìró ìbọn gan-an ni wọ́n fi sọ ogun náà ní orúkọ. Àwọn Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn ìgbàlódé rà nípasẹ̀ àwọn ará wọn tí ó wà ní Èkó. Láti ìgbà náà ni aṣọ ìlọ́po ti di ohun ọ̀ṣọ́. Ẹ̀wù olóògùn kò kúrò lára ológun, nítorí pé ohun tí a gbàgbọ́ pé ó ń ṣe kì í ṣe iṣẹ́ ìnípọn aṣọ.

3. Ogun tí ó tán kí ère tó dé

Ibi tí àwọn ìlú tí à ń sọ̀rọ̀ wọn wà kò dẹrùn. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn wọn ni Ìlọrin wà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀. Ní àríwá ni Nupe. Láti gúúsù ni Ìbàdàn ti ń rán ajẹ́lẹ̀ wá sí ilẹ̀ Èkìtì àti Ìgbómìnà. Ọ̀fà tí kò jìnnà sí wọn bọ́ sọ́wọ́ Ìlọrin ní 1887 lẹ́yìn tí wọ́n ti dó tì í fún ìgbà pípẹ́. Kò sí ẹni tí ó dàgbà ní agbègbè yìí ní ìgbà náà tí kò mọ ohun tí a ń pè ní kí ẹlẹ́ṣin yọ ní ìpẹ̀kun oko.

Ní oṣù kìíní àti oṣù kejì ọdún 1897 ni ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company kọlu Bídà, tí ó sì kọlu Ìlọrin tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà ni ogun ti bẹ̀rẹ̀ sí í kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wá fi ọdún yìí wé ọdún ìbí àwọn agbégilére tí a mọ orúkọ wọn. Aréògún ti Òsì ni wọ́n sọ pé wọ́n bí ní nǹkan bí 1880. Ó kú ní nǹkan bí 1954. Moshood Olúṣọmọ Bámigbóyè, tí iṣẹ́ rẹ̀ so mọ́ Kájọlà àti Odò-Ọwá, ni wọ́n bí ní nǹkan bí 1885, ó sì kú ní 1975. Ọ̀kan ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, èkejì ń lọ sí ọmọ ọdún méjìlá, nígbà tí Ìlọrin bọ́ sọ́wọ́ òyìnbó. Ọmọdé ni wọ́n jẹ́ ní àsìkò tí ìbẹ̀rù ogun ṣì wà nínú ilé. Àgbà ni wọ́n dà ní àsìkò tí ìjọba kò gbà kí ìlú kan dìde sí ìkejì mọ́.

Ìtumọ̀ èyí ni pé àwọn jagunjagun ńláńlá tí ọwọ́ wọn gbẹ́, tí gbogbo ayé ń yìn lónìí, ni wọ́n gbẹ́ lẹ́yìn ìgbà tí kò sí ẹni tí ó lè lọ sógun mọ́. Ìhámọ́ra tí kò ní rí ogun ni láti ìbẹ̀rẹ̀. A kò sọ pé àwọn ni ó dá ère jagunjagun sílẹ̀. Àwọn ọ̀gá tí ó kọ́ wọn níṣẹ́ ti ń gbẹ́ ère ṣáájú wọn. Ohun tí a ń sọ ni pé ní ọwọ́ ìran yìí, ère náà di ìrántí. Ọ̀dọ́ tí kò rí ogun rí ni yóò gbé e, àwọn àgbà tí ó rí ogun ni yóò sì máa wò ó.

4. Kí ló dé tí ó jẹ́ ẹlẹ́ṣin?

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo ère jagunjagun Epa yóò rí i pé orí ẹṣin ni ó sábà máa ń wà, tí ó di ọ̀kọ̀ tàbí ìbọn mú, tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn kéékèèké sì yí i ká. Ẹṣin náà kéré, ẹni tí ó gùn ún tóbi. Kí ló dé tí àwọn tí ẹlẹ́ṣin kó lẹ́rú yóò fi gbé ẹlẹ́ṣin sórí ara wọn lọ́jọ́ ọdún?

Ìdáhùn kan ni pé ọlọ́lá ni ẹlẹ́ṣin níbi gbogbo ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹṣin kì í pẹ́ láyé nínú igbó, nítorí àrùn tí eṣinṣin rẹ̀ ń gbé kiri níbẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá lè ní ẹṣin kí ó sì bọ́ ọ ní ẹnu ààlà igbó àti ọ̀dàn, ẹni ńlá ni. Àwọn olóyè ogun Èkìtì fúnra wọn gun ẹṣin. Ìdáhùn kejì ni pé ohun tí a bá fi sí orí tiwa ti di tiwa: agbára tí ó ti ń wá bá wa láti ìta ni a ti gbé sí ojúde láti máa jó fún wa. Kò pọn dandan kí a mú ọ̀kan nínú ìdáhùn méjèèjì yìí kí a sì ju ìkejì nù. Ṣùgbọ́n ìtóbi ẹni tí ó gun ẹṣin ju ẹṣin lọ fi hàn pé ènìyàn ni agbégilére ń yìn. Ẹṣin jẹ́ àga rẹ̀ lásán.

Kí a má gbàgbé pé jagunjagun kọ́ ni ère Epa kan ṣoṣo. Abiyamọ tí ọmọ yí ká wà nínú wọn, olóògùn pẹ̀lú ọ̀pá Ọ̀sanyìn wà nínú wọn, ọba wà nínú wọn. Bí ọdún bá dé, wọ́n á tẹ̀lé ara wọn jáde. Ìlú tí ó ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ ń sọ pé ẹni tí ó jà, ẹni tí ó bímọ, ẹni tí ó wo àìsàn àti ẹni tí ó jọba, gbogbo wọn ni ó jọ dá ìlú sí. Ẹni tí ó bá mú ti jagunjagun nìkan kúrò láàrin wọn ti gé gbólóhùn ìlú sí méjì.

5. Ẹni tí ó ṣe é

Inú ilé ni iṣẹ́ náà ti ń wáyé, ní agboolé agbégilére, lábẹ́ igi tàbí ní ìta gbangba, láàrin àwọn ọmọ iṣẹ́. Igi tútù ni wọ́n máa ń gbẹ́, nítorí pé kò le lójú irin. Igi kan ṣoṣo ni gbogbo ère náà ti máa ń jáde: apá ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ìkòkò, ni wọ́n gbẹ́ ihò sí nínú kí orí ènìyàn lè wọ̀ ọ́, wọ́n á sì ya ojú ńlá sí i ní iwájú àti ní ẹ̀yìn, apá òkè ni jagunjagun, ẹṣin rẹ̀ àti àwọn èrò rẹ̀ yóò ti jáde.

Alufáà Kevin Carroll, tí ó bá àwọn agbégilére wọ̀nyí gbé pọ̀, tí ó sì tẹ ìwé kan jáde nípa wọn ní 1967, kọ àwọn ìpele iṣẹ́ náà sílẹ̀ bí àwọn gan-an ṣe ń pè é. Ọnà lílé ni àkọ́kọ́, níbi tí àáké ti ń la ibi tí orí, ara àti ẹsẹ̀ yóò wà. Àlétúnlé ni èkejì, tí a ó tún ti ara kan yà kúrò lára èkejì, tí apá yóò bọ́ lára ìhà, tí etí yóò bọ́ lára orí. Dídán ni ẹ̀kẹta, tí ojú igi yóò jọ̀lọ̀. Fínfín ni ìkẹyìn, tí ọ̀bẹ yóò fi ilà sí ojú, irun sí orí àti ọnà sí aṣọ. Ọ̀gá kì í sábà dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Ọmọ iṣẹ́ lè dán ère, ọ̀gá á sì fọwọ́ ara rẹ̀ fín ojú rẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ ọ̀bẹ bá parí ni ọ̀dà yóò bẹ̀rẹ̀: ẹfun fún funfun, osùn fún pupa, aró tàbí èédú fún dúdú. Nígbà tí búlúù ìfọṣọ dé ọjà, àwọn agbégilére mú un, wọ́n sì fi kún iṣẹ́ wọn láìbẹ̀rù. Bí ọdún mìíràn bá tún kò, wọ́n á fọ ère, wọ́n á sì tún un kùn. Màrìwò tí yóò bo ara ẹni tí ó gbé e, tuntun ni wọ́n máa ń já. Bí ikán bá jẹ ère tàbí tí ó bá là, wọ́n á gbẹ́ òmíràn. Nítorí náà, ohun tí ìlú ń tọ́jú kì í ṣe igi. Ọgbọ́n àtiṣe é ni wọ́n ń tọ́jú.

Ọgbọ́n yìí ni ó rìn jìnnà. Ní àwọn ọdún 1930 sí ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Bámigbóyè kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní iṣẹ́ ọnà ní Ọ̀mù-Àrán. Ní 1947, Alufáà Carroll àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Alufáà O'Mahony, dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, Bándélé ọmọ Aréògún sì wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọwọ́ tí ó mọ ọba àti ẹlẹ́ṣin gbẹ́ ni ó gbẹ́ àwọn amòye tí ó wá kí ọmọ tuntun ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, tí wọ́n sì wọ aṣọ ọba Yorùbá. Lábẹ́ Bándélé ni Lámídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá-Ọ̀ràngún ti kọ́ṣẹ́, ẹni tí ó wá ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí UNESCO sì bu ọlá fún ní 2006, ọdún mẹ́ta ṣáájú ikú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé Mùsùlùmí ni Lámídì, ọ̀gá rẹ̀ sì gba ìrìbọmi, bàbá ọ̀gá rẹ̀ sì ti ṣiṣẹ́ fún àwọn abọ̀rìṣà. Iṣẹ́ ọwọ́ la ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já láìní kí ẹnikẹ́ni sọ irin rẹ̀ nù.

6. Ẹni tí ó gbé e

A ti dé ibi ìbéèrè kẹta. Ère Epa ńlá lè ga ju mítà kan lọ, ìwọ̀n rẹ̀ sì lè tó kílógíráàmù márùndínlọ́gbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọrùn ènìyàn ni ó ń gbé gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó wà nínú ìkòkò kò rí ọ̀nà dáadáa. Ojú tí ó tóbi níta kì í ṣe ojú tirẹ̀. Síbẹ̀ yóò jó. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, òkìtì kan wà ní ojúde tí ó gbọdọ̀ fò gùn pẹ̀lú ère náà lórí. Bí ó bá gùn ún láìkọsẹ̀, ariwo ayọ̀ á sọ. Bí ó bá ṣubú, kì í ṣe ìtìjú tirẹ̀ nìkan. Wọ́n gbà pé ibi lè dé bá ìlú, wọ́n á sì ṣe ètùtù.

Ibí yìí ni a ti rí ìdí tí ìwúwo ère kì í fi í ṣe àṣìṣe agbégilére. Bí ó bá fẹ́ ni, ó lè gbẹ́ ère kékeré, ó lè mú igi fífúyẹ́, ó lè dá orí àti ara gbẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwúwo ni ìdánwò. Nígbà tí ogun wà, ogun ni ó ń sọ ẹni tí ó lè gbé ìlú. Nígbà tí ogun tán, ìlú ní láti wá ohun mìíràn tí yóò fi mọ̀ ọ́n. Ó fi àwòrán ogun sí orí ọmọ rẹ̀, ó sì ní kí ó fò. Àwọn baba tí ó dúró létí òkìtì mọ ohun tí wọ́n ń wò: wọ́n ń wò ó bóyá ọrùn àwọn tí kò rí ogun lè gbé ìrántí àwọn tí ó rí i. Ẹni tí ó ru ẹrù ni ó mọ bí ó ti wúwo tó. Ṣùgbọ́n níbi Epa, gbogbo ìlú ni ó ń bá a mọ̀ ọ́n.

7. Fóòmù àti igi

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ìhámọ́ra fóòmù. Ìtàn rẹ̀ kò pẹ́ púpọ̀. Ní 1939, níbi àpéjọ àgbáyé àkọ́kọ́ ti àwọn òǹkàwé ìtàn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ìlú New York, Forrest Ackerman àti Myrtle Douglas wọ aṣọ ọjọ́ iwájú, obìnrin yìí ni ó sì rán aṣọ náà. Ní 1970 ni àpéjọ San Diego bẹ̀rẹ̀. Ní 1983 ni Nobuyuki Takahashi ará Japan tẹ ọ̀rọ̀ kan jáde tí ó wá di cosplay lẹ́nu gbogbo ayé. Fóòmù EVA ni ó sọ ìhámọ́ra di ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe nínú ilé láìní àgbẹ̀dẹ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á fi ọ̀rá wé ara ẹni tí yóò wọ̀ ọ́, wọ́n á lẹ téèpù mọ́ ọn, wọ́n á ya ìlà ibi tí ìhámọ́ra yóò ti pín, wọ́n á sì gé e kúrò lára. Èyí tí a gé yìí ni a ó tẹ́ sórí fóòmù láti fi wọn ọ̀n. Ọ̀bẹ mímú ni a ó fi gé e. Ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná ni a ó fi mú kí ó tẹ̀ bí èjìká tàbí orúnkún ṣe tẹ̀, ooru náà á sì dí ojú ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀. Gọ́ọ̀mù tí àwọn aránbàtà ń lò ni a ó fi so ó pọ̀. A ó ya ọnà sí i, a ó bo ojú rẹ̀ kí ọ̀dà má baà mu wọ inú rẹ̀, a ó sì kùn ún títí yóò fi jọ irin tí ó ti jagun rí. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí tí kò sì rántí ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín, kò fetí sílẹ̀. Láti inú ohun ńlá lọ sínú ohun kékeré ni ọ̀nà méjèèjì ń gbà, ojú àti ọnà ara ni wọ́n sì ń ṣe kẹ́yìn.

Àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ǹjẹ́ a lè fi fóòmù ṣe ère Epa? Ọwọ́ lè ṣe é. Ojú sì lè má mọ ìyàtọ̀ láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n òkìtì yóò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó gbé ohun tí kò tó kílógíráàmù méjì fò kò tíì sọ ohunkóhun fún ìlú.

Kì í ṣe pé fóòmù burú. Ohun tí ó ń dán wò yàtọ̀ ni. Ní Òsì, ẹni tí ó gbẹ́ ère kọ́ ni ó gbé e, ẹni tí ó gbé e kọ́ ni ó ni ín, ìdílé tàbí ìlú tí ó ni ín kò sì lè ṣe é fúnra rẹ̀. Ère kan so ènìyàn púpọ̀ pọ̀. Ní Èkó, ẹni kan náà ni ó wọn ọ̀n, tí ó gé e, tí ó kùn ún, tí ó sì wọ̀ ọ́; ọwọ́ ni wọ́n ń dán wò, kì í ṣe ọrùn. Ọ̀dọ́ tí ó fi oṣù méjì jókòó ti fóòmù nínú yàrá ń wá ohun tí òun náà lè fi hàn pé òun tó ẹni tí a ń wò. Ó yẹ kí á bọ̀wọ̀ fún un. Ohun tí ó ń dunni ni pé nígbà tí ó bá wá akọni tí yóò fara wé, òkèèrè ni ó sábà ti ń rí i, nítorí pé akọni tiwa ti wọ inú àpótí gíláàsì.

8. Ohun tí gíláàsì kò gbà

Láti ìgbà tí wọ́n ti fa ààlà ìjọba, Òsì bọ́ sí agbègbè Ìlọrin ní Àríwá, nígbà tí ọ̀pọ̀ Èkìtì wà ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìwé àti àkọlé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fi ń pè é ní Osi-Ilorin, kí Ìpínlẹ̀ Kwara tó dé ní 1967 àti lẹ́yìn rẹ̀ pàápàá. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé iṣẹ́ Ìlọrin ni. Ẹ wo bí àkọlé kékeré kan ti lè fi iṣẹ́ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sí abẹ́ orúkọ ìlú tí ó ń kó wọn.

Ó tọ́ kí a sọ ire tí ìkójọ ṣe. Òfin 1953 lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé dá kíkó ère jáde lọ sí òkèèrè dúró dé ìwọ̀n kan. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Èkó, tí ó ṣí ní 1957, gba ọ̀pọ̀ ère là lọ́wọ́ ikán àti lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ dáná sun wọ́n. William Fagg, Carroll àti John Picton sì jà kí orúkọ agbégilére má baà sọnù. Ní 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ Bámigbóyè. Ọmọ Kájọlà gba orúkọ rẹ̀ padà. Ìbéèrè kejì ti rí ìdáhùn.

Ti ẹ̀kẹta ńkọ́? Lábẹ́ gíláàsì, a kọ orúkọ igi, a kọ gíga rẹ̀, a kọ agbégilére rẹ̀ bí a bá mọ̀ ọ́n. A kì í sábà kọ ìwúwo rẹ̀. A kì í kọ orúkọ ìdílé tí ó gbé e, tàbí ọdún tí ẹnìkan fi í fò tí ìlú fi yọ̀. Ère tí a ṣe kí ọrùn lè gbé e ti di ohun tí irin ń gbé dúró. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó gbé e ń dàgbà, wọ́n sì ń kú.

Nítorí náà, àbá mẹ́ta ni a fẹ́ gbé síwájú ìpàdé yìí. Èkínní, kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Òsì, Odò-Ọwá, Ìlọ́fà àti àwọn ìlú Òpin láti gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ó gbé ère rí, kì í ṣe lẹ́nu àwọn tí ó ni ín nìkan. Èkejì, kí a rọ àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti wọn ìwúwo gbogbo ère Epa tí ó wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí àkọlé. Ẹ̀kẹta, kí a pe àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣe ìhámọ́ra fóòmù wá sí iwájú ère wọ̀nyí, kí wọ́n rí i pé kì í ṣe àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n lè fara wé.

9. Ìparí

A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè ohun tí ènìyàn ń fi ìhámọ́ra tí kò ní rí ogun ṣe. Àwọn ará agbègbè yìí fi dáhùn pé: ogun lè tán, ṣùgbọ́n ìlú kò lè ṣe aláìmọ ẹni tí yóò gbé e. Wọ́n fi igi ṣe é kí ó lè wúwo. Wọ́n fi í lé ọ̀dọ́ lórí kí ó lè mọ̀ pé ohun tí àwọn baba rẹ̀ là kọjá kò fúyẹ́. Ìtàn tí a kọ nípa ère láì dárúkọ ẹni tí ó gbé e, ìdajì ìtàn ni. Ìdajì kejì ṣì wà nínú ọrùn àwọn àgbà díẹ̀ ní Òsì àti Ìlọ́fà. Kí a lọ bá wọn kí ilẹ̀ tó ṣú.